Ọmọ Mi Kò Wá Síbi Ọkọ̀ Tí A Jọ Ń Tún Ṣe Mọ́: Ṣé Kí N Parí Rẹ̀ Fúnra Mi?

Bàbá kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹni ọdún 64 ni mí, ọmọ mi ọkùnrin sì jẹ́ ẹni ọdún 31. Ní ọdún tó kọjá ó ra Volkswagen Beetle, ìyẹn ọkọ̀ ìjàpá, tí wọ́n ṣe ní 1972, tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti pa tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní, 'Bàbá, ẹ jẹ́ kí a jọ tún un ṣe.' Inú mi dùn gan-an, nítorí láti ìgbà tó ti kúrò nílé, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì kì í kọjá kíkí lórí fóònù. Kí oṣù kan tó pé, a ti tú ọkọ̀ náà palẹ̀: ẹ́ńjìnì, ìjókòó, mọ́gáàdì, gíláàsì, wáyà, gbogbo rẹ̀ wà nínú páálí àti ọ̀rá. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Nígbà tó wá gbẹ̀yìn, ó to kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò pọ̀ mọ́ atẹ́gùn kí ó tó wọ ẹ́ńjìnì. Mo rí i pé kò tò ó dáadáa, mo bá tú u lálẹ́, mo sì tún un tò. Nígbà tó rí i, kò sọ nǹkan kan, ó kàn gba ilé lọ ni. Oṣù mẹ́ta rèé, kò tíì padà wá. Ìyàwó mi ní kí n parí ọkọ̀ náà kí n fi ta ọmọ lọ́rẹ. Àbúrò mi ní kí a tà á. Kí ni kí n ṣe?"

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì kú ìfaradà. Ìbéèrè méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, ẹ sì dì wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Ọ̀kan jẹ́ ti ọkọ̀ tó fọ́n ká sílẹ̀, èkejì jẹ́ ti ọmọ tí kò yọjú mọ́. Ọkọ̀ ló rọrùn jù nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí àlàyé tó tẹ̀ lé e: ẹ má parí ọkọ̀ náà lẹ́yìn ọmọ yín, ẹ má sì tà á títí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi jókòó sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn òbí àti àwọn ọmọ wọn tó ti dàgbà ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo sì ti rí i pé ohun méjì ló sábà máa ń dá a dúró, ohun méjèèjì náà ló sì hàn nínú ohun tí ẹ kọ.

Èyí àkọ́kọ́ ni bí ẹ ṣe tú ọkọ̀ náà palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin lè máa rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti sú ọmọ yín, tàbí pé kò ní ìforítì. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Títú ọkọ̀ palẹ̀ ni apá tó yá jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Bóòtù ń tú, ohun tó wúwo ń kúrò lára ọkọ̀, ilẹ̀ ń kún, ojú ẹni sì ń rí iṣẹ́ tí ọwọ́ ṣe. Ọjọ́ tí kò bá sí ohun tí a tún lè tú mọ́ ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà sì jẹ́ èyí tí ènìyàn lè ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ó má sí ìyàtọ̀ kankan lójú. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ fọ ìpáàrà kúrò lára ẹsẹ̀ bọ́ńpà mẹ́rin ti ṣe iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n nígbà tó bá gbé ojú sókè, páálí tó bá nílẹ̀ láàárọ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Fún ẹni tó ní iṣẹ́ oṣù, tí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kò ju ọ̀kan tàbí méjì lọ lọ́sẹ̀, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó láti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ẹ fi ti ìgbàgbé kún un: ẹni tó tú bóòtù kan lóṣù kìíní kò ní rántí lóṣù kẹfà bóyá èyí tó gùn ló wà lókè tàbí èyí tó kúrú, gbogbo ìgbà tó bá sì wá síbi iṣẹ́ ni yóò máa bá àìmọ̀ pàdé.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kí ọkọ̀ kọ́kọ́ jí, kí ó dúró nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, kí ó sì yí nígbà tí a bá yí ọwọ́ ọkọ̀ (sítíárìn), kí ẹnikẹ́ni tó ronú nípa ọ̀dà tàbí ìjókòó tuntun. Lẹ́yìn náà ni a ó máa mú ẹ̀yà kan lẹ́ẹ̀kan, tí a ó tú u, tí a ó tún un ṣe, tí a ó sì dá a padà kí a tó fọwọ́ kan òmíràn. Ó lọ́ra ju títú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lọ lójú ìwé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń rìn fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri, ń pe ènìyàn padà. Ó ti bọ́ fún ẹ̀yin báyìí, ṣùgbọ́n ẹ lè mú ìlànà kan náà lò láti ibi tí ẹ wà, mo sì máa padà sórí rẹ̀.

Ohun kejì ni kábúrétọ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí. Mo gbà pé ọmọ yín kò tò ó dáadáa. Mo sì gbà pé kò sí ohun tó wà lọ́kàn yín ju kí iṣẹ́ dára lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òun rí. Ó jẹ́ ẹni ọdún 31, òun ló fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀, ó pè yín pé kí ẹ jọ ṣe é, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ohun kan tó ní ìṣòro, ó fi sílẹ̀ lálẹ́, ó sì bá a ní ọjọ́ mìíràn pé wọ́n ti tú iṣẹ́ òun wò, wọ́n sì ti ṣe é bí ẹni tó ń tún iṣẹ́ ilé ọmọ ilé-ìwé ṣe. Ọwọ́ tó kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń so okùn bàtà kì í tètè mọ̀ pé ọmọ náà ti ń so ó fúnra rẹ̀. Èyí kò sọ yín di òbí burúkú, gbogbo òbí tí mo mọ̀ ló ń bá a jà. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ àjọṣe láàárín àgbàlagbà méjì, iṣẹ́ tí ẹnì kejì ṣe ti di tirẹ̀, a kì í tú u láìsí níbẹ̀ rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé kí n wá máa wo àṣìṣe níran ni? Ó wà lọ́wọ́ irú àṣìṣe tó bá jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé rọ́bà tàbí pépà tó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ibi tó jókòó sí ni kò wọlé dáadáa, atẹ́gùn yóò máa gba ibẹ̀ wọlé, ẹ́ńjìnì kò sì ní lè dúró jẹ́jẹ́ nígbà tí a kò bá tẹ epo. Yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀ kalẹ̀. Irú èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ sọ fún un, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ wá ibi tí ohùn náà ti ń wá, nítorí wíwá ìdí rẹ̀ pọ̀ ló dùn jù nínú iṣẹ́ ọkọ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí epo bá ń jò, tàbí bí ó bá jẹ́ ti bíréèkì, ti rọ́bà epo, ti jáàkì, tàbí ti ọwọ́ ọkọ̀, kò sí àyè fún ìtìjú níbẹ̀. Ìlànà tí mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo ohun tó bá kan ẹ̀mí, ẹnì kan ni yóò ṣe é, ẹnì kejì ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ̀. Kí ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìhà méjèèjì: kí òun náà yẹ tiyín wò, kí ó sì fi sípánà kan bóòtù tí ẹ̀yin dè. Ọjọ́ tó bá rí i pé bàbá òun dúró jẹ́jẹ́ tí òun ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ìyẹ̀wò kò ní jọ ìbáwí lójú rẹ̀ mọ́.

Nípa àbá ìyàwó yín, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló sọ ọ́. Ó ní ibi tó ti wúlò: bí ó bá jẹ́ pé ọmọ yín ló sọ pé ọkọ̀ náà nìkan ni òun fẹ́, tí iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí òun ráyè, ẹ lè parí rẹ̀ fún un tọkàntọkàn, ẹ kò ṣe ohun tó burú. Ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí a jọ tún un ṣe" ni ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá wá parí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ohun tí ẹ ṣe sí kábúrétọ̀ náà ni ẹ ó tún ṣe sí odindi ọkọ̀, yóò sì ní láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún un. Ti títà ńkọ́? Ọkọ̀ tó wà nínú páálí kì í mú owó wá bí èyí tó wà ní odindi, nítorí ẹni tó fẹ́ rà á kò lè mọ ohun tó sọnù títí yóò fi tò ó tán. Kò sì sí ìkánjú kankan. Ní oṣù kejì ọdún 1972, ọdún kan náà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yín, ni Beetle kọjá Ford Model T, ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan, nínú iye tí wọ́n ti ṣe jáde, tó lé ní mílíọ̀nù 15; nígbà tí wọn yóò fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní Puebla, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní 2003, ó ti lé ní mílíọ̀nù 21. Ọkọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè ní ọ̀wọ́n ẹ̀yà ara. Ohun tí ẹ kò bá rí rà lónìí, ẹ ó rí i rà lọ́dún tó ń bọ̀, bí ọkọ̀ náà bá ṣáà wà níbi tí òjò kò ti pa á.

Iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè dá ṣe nísinsìnyí láìṣẹ ẹnikẹ́ni: ẹ ṣètò àwọn páálí náà. Ẹ kó ohun tó bá jẹ́ ti bíréèkì síbì kan, ti ẹ́ńjìnì síbì kan, ti ilẹ̀kùn síbì kan, ẹ kọ orúkọ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹ́kù láti rà sínú ìwé kan tí òun náà yóò lè kà. Ẹ fọ ohun tó bá dọ̀tí. Ẹ má to nǹkan kan pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pè é, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ kábúrétọ̀ náà ní gbólóhùn kan tàbí méjì: pé kò yẹ kí ẹ tú u láìsí níbẹ̀ rẹ̀, àti pé ẹ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ má fi "ṣùgbọ́n" tẹ̀ lé e. Ẹ má sì pè é pé kí ó wá "bá yín ṣe ọkọ̀," nítorí ìyẹn kò ní ìparí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó lè parí ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni kí ẹ pè é sí, kí ó sì jẹ́ èyí tó nílò ọwọ́ ẹni méjì ní tòótọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún irú àkókò yìí ni títún àlàfo fálùfù ṣe (fálùfù ni ìlẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnì tí epo àti atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde), nítorí bí ẹ kò bá tíì tú inú ẹ́ńjìnì náà, ẹ lè ṣe é bí ó ṣe wà nílẹ̀ yẹn. Ẹ́ńjìnì Beetle kò ní omi tó ń tù ú, atẹ́gùn ló ń tù ú, ó sì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí a tó wọn àlàfo fálùfù rẹ̀, tó jẹ́ mìlímítà 0.15. Ẹnì kan yóò máa yí púlì títí orí tó ń yí nínú dísíbútọ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, yóò fi kọjú sí àmì tó wà létí rẹ̀ fún sílíńdà kìíní. Ẹnì kejì yóò ki irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo bọ inú àlàfo fálùfù sílíńdà náà. Bí ó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, àlàfo ti pọ̀ jù. Bí kò bá wọlé rárá, ó ti há jù. Ohun tí a ń wá ni kí ó wọlé kí ọwọ́ sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan fẹ́ dì í mú díẹ̀. Ojú kò lè rí èyí, ẹnu kò sì lè júwe rẹ̀ tán, àfi kí ọwọ́ ẹni méjì gbìyànjú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, a ó yí púlì sẹ́yìn ní ìdajì, ó di sílíńdà kejì, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ìkẹrin. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mú irin náà lọ́wọ́, kí ẹ̀yin máa yí púlì.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wá gúnlẹ̀ sórí táyà rẹ̀ padà, iṣẹ́ yíyọ atẹ́gùn kúrò nínú bíréèkì yóò dé. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ̀yin jókòó síbi ẹsẹ̀ bíréèkì, kí òun sì wà nísàlẹ̀ níbi táyà, láti orí èyí tó jìnnà jù sí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Yóò pàṣẹ pé, "Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dì í mú," yóò tú nọ́ọ̀tì kékeré tí atẹ́gùn ń gbà jáde níbi táyà náà, ọ́ìlì bíréèkì àti atẹ́gùn yóò tú jáde, yóò sì dè é padà kí ó tó ní, "Ẹ gbé e." Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn yóò padà wọlé, iṣẹ́ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ẹ̀yin gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Mo ti rí bàbá àti ọmọ tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ gidi fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n jẹ́ pé ibi irú iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti bọ́ lẹ́nu wọn, nítorí ojú àwọn méjèèjì kò sí lára ara wọn, kò sì sí ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ gbọ́ ọ, ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá dé, ẹ má fipá mú un. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ níbi iṣẹ́ kì í ṣe ìjà.

Kí ẹ tó náwó sórí ọ̀dà tàbí ìjókòó, ẹ jọ yẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ìpinnu gidi wà. Beetle a máa dípẹtà níbi tí bátìrì ń jókòó sí lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí táyà àpọ́jù (sípíà) wà níwájú, àti ní pàtàkì nínú irin gbọọrọ tó ní ihò nínú, èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún àti lósì, tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà wọ inú ọkọ̀. Ẹ fi orí sukurudíráfà tẹ̀ ẹ́ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Bí ó bá wọnú irin, ọ̀rọ̀ ti di ti wẹ́dà tó mọṣẹ́, nítorí irin yìí ló fún ara ọkọ̀ lágbára. A gbọ́dọ̀ fi irin dá ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn dúró kí ẹnikẹ́ni tó gé nǹkan kan níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ara ọkọ̀ yóò tẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní padé mọ́ láéláé. Mo ní láti sọ òtítọ́ fún yín: bí méjèèjì bá ti jẹ tán, owó àti àkókò iṣẹ́ yìí yóò pọ̀ ju ohun tí ẹ rò lọ gan-an, ó sì dára kí ẹ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí ju lẹ́yìn ọ̀dà lọ. Gbígbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn kò ba àjọṣe yín jẹ́. Ẹ jọ lọ bá wẹ́dà náà, ẹ jọ béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ kò mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n ó dájú pé ọ̀rọ̀ yóò dé lórí ohun tí a fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é àti ohun tí a sọ di tìgbàlódé. Ọmọ yín lè fẹ́ yọ kọ́ńtáàtì inú dísíbútọ̀, èyí tó ń ṣí tó sì ń padé kí púlọ́ọ̀gì lè tan iná, kí ó fi ti ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin sì lè fẹ́ràn kọ́ńtáàtì tí ẹ ti mọ bí a ṣe ń tò. Èrò tèmi ni pé ọkọ̀ ọmọ yín ni. Ohunkóhun tó bá ṣeé tú padà lọ́jọ́ iwájú láìgé irin, ẹ gbà fún un. Ibi tí ẹ lè tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ni ibi tó bá kan iná: kí rọ́bà epo tó wà lẹ́bàá ẹ́ńjìnì jẹ́ tuntun gbogbo rẹ̀, nítorí rọ́bà tó ti gbó ní ibẹ̀ ti sun Beetle púpọ̀, kí ìdérí sì wà lórí bátìrì, kí irin ìjókòó ẹ̀yìn má baà kàn án lórí bí ẹnì kan bá jókòó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e ró. Ẹ fi ẹsẹ̀ irin tì í.

Lẹ́tà kan ni mo kà, èmi kò mọ ọmọ yín. Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe kábúrétọ̀ ló lé e rárá. Ó lè jẹ́ iṣẹ́, owó tó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ohun kan nínú ilé rẹ̀ tí kò tíì sọ fún yín. Ẹ bi í, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wà láàárín yín tó jinlẹ̀ ju èyí lọ, sípánà kò lè yanjú rẹ̀, àfi kí ẹ bá a sọ ọ́ ní ìjókòó tirẹ̀. Bí ó bá sì sọ pé òun kò fẹ́ ṣe é mọ́, ẹ má bínú, ẹ má sì rọ̀ ọ́ títí. Ìwé tí ẹ kọ àti ọ̀rá tí ẹ fi orúkọ sí yóò jẹ́ kí owó rẹ̀ gòkè díẹ̀ bí ẹ bá jọ fẹ́ tà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbà láti wá fún ọ̀sán kan yẹn, ẹ dá iṣẹ́ dúró nígbà tí fálùfù bá ti parí, kódà bí ara ẹ̀yin méjèèjì bá ṣì le, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ iṣẹ́ wo ló fẹ́ kí ó kàn, àti ọjọ́ wo.